Bàbá Géèjì àti Ààrò Ọ̀rẹ́ Wọn

Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá. Àga tí a yá ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti wọkọ̀ lọ, ilé wa ní Ìkòtún ti dákẹ́, èmi nìkan ni mi ò lè jókòó. Mo ní kí n rán ṣòkòtò oníbàárà kan, mo so ẹsẹ̀ òsì mọ́ ẹsẹ̀ òsì. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé rẹ̀, omi gbẹ, ìdí ìkòkò jóná. Ìyá mi ní kí n lọ sùn. Sùn kẹ̀? Iṣẹ́ tí òkú rán mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì jẹ́ ẹ, wọ́n ní kí n lọ sùn.

Bàbá àgbà mi ló rán mi. Làmídì ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n láti Ìkòtún dé Igando, Bàbá Géèjì ni gbogbo onílé-búrẹ́dì ń pè wọ́n. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọ́n wà lórí ibùsùn, èémí wọn ń ṣe gììrì gììrì, wọ́n fi oríkì pè mí. Wọ́n ní: “Àṣàkẹ́, lọ bá mi bẹ Sálíù. Sọ fún un pé kó má bínú sí mi.” Mo ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá lọ. Wọ́n tún fa ọwọ́ mi: “Má sọ pé mo jẹ̀bi o. Mi ò jẹ̀bi. Ṣáà bẹ̀ ẹ́.” Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ti lọ.

Sálíù tí wọ́n ń wí ni Àlájì Sálíù, tó ni ilé búrẹ́dì ní Igando. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti jọ wá sí Èkó, wọ́n jọ sùn sí yàrá kan, wọ́n jọ jẹ gàrí láti inú abọ́ kan. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àlájì ò wá síbi ìsìnkú. Wọn ò wá síbi fídáù. Wọ́n ṣáà fi mọ́tò kó búrẹ́dì ránṣẹ́, awakọ̀ já a kalẹ̀, kò jíṣẹ́ kankan. Ìyá àgbà ní ká pín in fún àwọn ọmọ ilé kéú. Mo ń wo búrẹ́dì yẹn. Ṣé ìbánikẹ́dùn nìyí, àbí ẹ̀gàn? Ṣé Àlájì ti fi orí ji Bàbá àgbà ni, àbí wọ́n ń fi hàn wá pé ààrò àwọn ṣì ń jó? Búrẹ́dì ò lẹ́nu tó máa fi dá mi lóhùn.

Mo ní màá lọ bá Àlájì. Àmọ́ kí n tó sọ bí mo ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó rán mi, torí ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n ò lè mọ ìdí tí iṣẹ́ yẹn fi wúwo lọ́wọ́ mi.

Bàbá àgbà kì í lè jókòó pẹ́. Bí wọ́n bá ń jẹun, kí àwo tó ṣófo, wọ́n á ti dìde lọ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ti lọ wo ojú ọ̀run, wọ́n á ti yọjú sí ilé ìdáná lọ wo ohun tó wà lórí iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ti wà níwájú wọn. Ìyá àgbà á máa wò wọ́n, wọ́n á ní: “Bàbá Ràṣídì, ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?” Ràṣídì ni bàbá mi, àkọ́bí wọn. Bàbá àgbà á ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n á ní: “Èèrà ò sí. Nǹkan kan ń gbóná níbì kan ni.”

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì ní Ìkẹjà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn sínú báàgì aláwọ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé búrẹ́dì kan bọ́ sí òmíràn: Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Igando, títí dé Àgbàdo. Nǹkan méjì péré ni wọ́n ń tún ṣe. Àkọ́kọ́ ni géèjì, ojú kékeré tó wà lára ògiri, tó ń kọ nọ́mbà bí ààrò ṣe gbóná tó. Èkejì ni wáyà ooru, tí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ń pè ní tẹmokọ́pù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, oríṣi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n fi iná lẹ orí wọn pọ̀, tí wọ́n wá kì bọ inú ààrò. Orí yẹn ló ń gbọ́ ooru. Òun ló ń sọ fún géèjì, géèjì á sọ fún iná pé kó máa jó tàbí kó dáwọ́ dúró. Bí wáyà yẹn bá já nínú lọ́hùn-ún, géèjì ò mọ nǹkan kan mọ́. Gbogbo iṣẹ́ Bàbá àgbà láyé yìí ò ju kí wọ́n mọ̀ bóyá géèjì tó ń sọ̀rọ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Bí wọ́n bá sì dé ilé búrẹ́dì, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tó bàjẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tú. Wọ́n á yọ wáyà tó dáa kúrò lẹ́yìn géèjì, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa wò ó. Onílé á figbe ta: “Bàbá, èyí tó dáa lẹ tún ń bàjẹ́ yìí o!” Wọ́n á ní kó fara balẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí géèjì máa sọ nígbà tí kò bá mọ nǹkan kan. Wọ́n ní géèjì tó dáa máa ń rán iná tín-ín-rín kan gba inú wáyà lọ, bí ìgbà téèyàn ń kan ilẹ̀kùn. Tí kò bá gbọ́ ìdáhùn, ó mọ̀ pé wáyà ti já, á sáré gun òkè pátápátá, á kọ nọ́mbà tí kò bọ́gbọ́n mu, á sì pa iná ààrò. Àwọn onílé-búrẹ́dì kórìíra irú géèjì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wàhálà rẹ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Bàbá àgbà á ní: “Ariwo yẹn gan-an lẹ rà.”

Bí wọ́n ṣe wà níbi iṣẹ́ ni wọ́n wà nílé. Ibà mú mi nígbà kan, mo ń gbọ̀n rìrì. Ìyá àgbà sáré lọ ra tẹmọ́mítà ní kẹ́mísìtì, Bàbá àgbà gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣé ẹ rò pé abẹ́ apá mi ni wọ́n fi í sí? Abẹ́ apá ara wọn ni. Wọ́n wò ó, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n ní ó kan Ìyá àgbà. Ìyá àgbà fi ìbínú gbà á. Wọ́n tún pe Ìyá Bísí, aládùúgbò wa tó ń gbálẹ̀ jẹ́jẹ́ tiẹ̀, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó wá bá àwọn fi í sábẹ́ apá díẹ̀. Mo wà lórí ẹní, eyín mi ń lu ara wọn. Ìyá àgbà pariwo: “Ọmọ ń jóná, gíláàsì lẹ ń yẹ̀ wò!” Bàbá àgbà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní: “Tí mi ò bá mọ irọ́ rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba òótọ́ rẹ̀ gbọ́?” Ibà lọ o, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, bí Ìyá Bísí bá ti rí wọn lókèèrè, á gbé apá rẹ̀ sókè.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní a dúpẹ́. Ká ní wọ́n wà níbí, ìjà dé nìyẹn. Ẹ ṣáà mọ bí àwa ṣe ń kí ara wa. Ṣé dáadáa lẹ jí? A dúpẹ́. Ilé ńkọ́? A dúpẹ́. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò sórí ibùsùn á ní a dúpẹ́. Bàbá àgbà kì í yára dúpẹ́. Bí o bá bi wọ́n ní mọ́sáláṣí pé ṣé dáadáa ni wọ́n jí, wọ́n á dúró sójú kan, wọ́n á rò ó, wọ́n á ní: “Orúnkún òsì ń ro mí. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Omi ti wọ yàrá ẹ̀yìn. Ojú ọ̀tún dáa.” Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ kírun kí wọ́n má baà pàdé wọn. Ojú ti bàbá mi, wọ́n bẹ̀ wọ́n: “Bàbá, ẹ jàre, ìkíni lásán ni, wọn ò béèrè nǹkan kan.” Bàbá àgbà ní: “Ṣé o rí i, kí wọ́n yéé bi mí.”

Ọ̀rọ̀ fóònù tún wà ńbẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, wọ́n ti pè. “Àṣàkẹ́?” Mo ní sà. “O wà níbẹ̀?” Mo ní mo wà. Wọ́n pa á nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa pe bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa pe àwọn àǹtí mi ní Ìbàdàn, ẹnì kan ò gbọdọ̀ rò pé wọ́n fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀. Mo bínú lọ́jọ́ kan, mo ní Bàbá àgbà, kí lẹ máa ń fẹ́ gan-an? Ẹ jí mi lójú oorun, ẹ ò ní nǹkan kan láti sọ! Wọ́n ní: “Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé wáyà ò tíì já ni.” Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọwọ́ mi á lọ sórí fóònù, màá máa wò ó. Ó máa ń dùn mí débi pé mo máa ń fẹ́ jù ú mọ́ ògiri.

Wọ́n ní orí mi gbóná. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún rẹ̀, àmọ́ ìbínú tèmi ẹnu ló ń gbà jáde, tiwọn ẹsẹ̀ ló ń gbà. Bí inú bá ń bí wọn, wọ́n á rìn. Ọjọ́ tí wọ́n bínú sí Ìyá àgbà tí wọ́n rìn láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, ilé búrẹ́dì ìyáàfin onígbàgbọ́ kan ni wọ́n já sí. Géèjì obìnrin yìí ń fò. Ààrò á wà bó ṣe yẹ kó wà, àfi kí nọ́mbà ṣàdédé fò sókè, kó tún fò wálẹ̀. Wọ́n ti gbààwẹ̀ sí i. Wọ́n ti da òróró àdúrà sí i lórí, ó ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Bàbá àgbà fi aṣọ ìnujú wọn nù ún, wọ́n ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Géèjì fò. Wọ́n ní kí wọ́n pa á. Géèjì padà sáyè rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ lé wáyà ooru bọ́ sí ẹ̀yìn ààrò, wọ́n rí i pé aṣọ ara rẹ̀ ti ya, irin inú rẹ̀ ti ń kan ara ààrò. Ààrò ní wáyà tó lọ sínú ilẹ̀, pátákó iná tí géèjì wà náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Iná tó ń jò lára ẹ̀rọ ìyẹ̀fun ń gba àárín ilẹ̀ méjèèjì kọjá, géèjì rò pé ooru ni. Wọ́n yọ wáyà náà kúrò lára irin, wọ́n fi aṣọ tuntun wọ̀ ọ́. Wọ́n ní: “Ibì kan ṣoṣo ni kó ti kan ilẹ̀. Bó bá kan ilẹ̀ níbi méjì, òfófó aládùúgbò lá máa gbé wá fún yín.” Ìyáàfin ní ògo ni f'Ólúwa, àdúrà ti gbà. Bàbá àgbà ní: “Àmín. Ẹ má ṣe da òróró sí i mọ́.”

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan yẹn gan-an ni wọ́n fi ń bá Ìyá àgbà jà. Ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ wo ni kì í kọ́lé sílé? Ìyá àgbà ń kùn, àwọn àbúrò ń kùn, àwọn mọ̀lẹ́bí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá àgbà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní Ìkòtún làwọn wà. Nígbà tí wọ́n kú tí àwọn mọ̀lẹ́bí dé pẹ̀lú mọ́tò, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé òkú lọ sílé, Ìyá àgbà yìí kan náà ló dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ilé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní: “Ibi tí a ti jọ jà ni wọ́n máa sùn.” Ìkòtún náà ni a sin wọ́n sí.

Àmọ́ ní Igando, bí o bá dárúkọ Bàbá Géèjì, kò sẹ́ni tó máa rántí gbogbo ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n pa ààrò Àlájì Sálíù nìkan ni wọ́n máa sọ.

Oṣù ààwẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé búrẹ́dì kì í tó nínú oṣù ààwẹ̀: ti sààrì wà, ti ìṣínu wà. Bàbá àgbà fúnra wọn ló kan géèjì mọ́ ògiri ààrò Àlájì. Wáyà inú ààrò ti ń gbó, ó ń já, ó tún ń kan ara rẹ̀, ìgbàkigbà tó bá sì já, géèjì á gun òkè, á pa iná, búrẹ́dì á sì kù láàbọ̀ láàbọ̀. Àlájì ń wá Bàbá àgbà, Bàbá àgbà ò sí nílé. Àwa méjèèjì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi òkú kan. Mo ti gba fíríídọ̀mù iṣẹ́ télọ̀ nígbà yẹn. Àlájì ò lè dúró. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa iná díẹ̀ ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń pa géèjì lẹ́nu mọ́. Ó yọ wáyà ooru, ó fi wáyà kúkúrú kan so ojú méjèèjì tó wà lẹ́yìn géèjì pọ̀. Géèjì dákẹ́ fẹ́ẹ́. Inú gbogbo wọn dùn.

Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, Bàbá àgbà ò gbà ká lọ sílé. Wọ́n ní ká gba Igando, àwọn fẹ́ kí iṣu tí àwọn gbé bọ̀ fún Sálíù dé ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣínu. A dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òòrùn ṣì wà lókè. Ooru gbá mi lójú, mo sún sẹ́yìn. Ìyẹ̀fun ti wú nínú páànù, wọ́n tò ó lọ rẹrẹ. Àlájì na ọwọ́ méjèèjì: “Làmídì! Káàbọ̀, káàbọ̀!”

Bàbá àgbà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Géèjì ni wọ́n ń wò. Ọgbọ̀n ó lé díẹ̀ ló kọ. Wọ́n wo ilẹ̀kùn ààrò, irin rẹ̀ ti ń pọ́n. Wọ́n jáde sí àgbàlá, wọ́n yọ tẹmọ́mítà kékeré tiwọn nínú báàgì, wọ́n dì í mú lábẹ́ ibòòji, wọ́n wò ó. Nọ́mbà kan náà. Ààrò ń yan búrẹ́dì, géèjì ń ka ooru àgbàlá! Wáyà kúkúrú yẹn ló fà á: ó ń dá géèjì lóhùn, àmọ́ ooru ẹ̀yìn géèjì nìkan ló ń gbọ́. Géèjì rò pé ààrò tutù, ó ń sọ fún iná pé máa jó, máa jó, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un pé ó tó. Lẹ́yìn ògiri ààrò yẹn, lórí pákó, ni àwọn ọmọ iṣẹ́ Àlájì máa ń sùn.

Bàbá àgbà padà wọlé. Wọ́n yí ẹ̀rọ dísù tó ń tan iná ààrò pa. Wọ́n mú súkúrúdíráfà, wọ́n tú géèjì kúrò lára ògiri, wọ́n jù ú sínú báàgì. Iná kú. Kò sẹ́ni tó lè tan án mọ́, ìyẹ̀fun tó ti wú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó nínú páànù lójú gbogbo wa.

Àlájì kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tó yé wọn, wọ́n bú sí igbe: “Làmídì! Ìṣínu ló kù díẹ̀ yìí! Kí ló jó? Mo ní kí ló jó! Fi ohun tó jóná hàn mí nínú ilé yìí!”

Bàbá àgbà ní: “Kí n má baà rí nǹkan kan fi hàn ọ́ ni mo ṣe ṣe é.”

“Ọ̀tá ni ọ́,” Àlájì ní, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́, lójú àwọn oníbàárà, lójú mi. “Ọ̀tá ni ọ́, mi ò mọ̀. Jáde nílé mi.” Bàbá àgbà gbé iṣu náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jáde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹjọ́ yẹn ò ní ẹlẹ́rìí. Ká ní ilé jó, gbogbo Igando ì bá mọ̀ pé òótọ́ ni Bàbá Géèjì sọ. Ilé ò jó. Ìyẹ̀fun tí wọ́n kó dànù ni gbogbo ayé rí. Wọ́n ní ìlara ni. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun là ju òun lọ. Àwọn onílé-búrẹ́dì kan ò pè wọ́n mọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé Bàbá àgbà fúnra wọn ò mọ̀. Pé géèjì ń purọ́, ó dá wọn lójú. Àmọ́ bóyá ilé ì bá jó, bóyá kò ní jó, ta ló mọ̀? Ó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. A lè máa sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn, wọ́n á ṣàdédé ní: “Àṣàkẹ́, pákó yẹn jìnnà sí ògiri?” Mo ní Bàbá àgbà, mi ò wọ̀n ọ́n. “Tó bá jẹ́ pé ó jìnnà ńkọ́?” Wọ́n á tún dìde, wọ́n á rìn jáde.

Wọn ò wọ ilé búrẹ́dì Àlájì mọ́, síbẹ̀ wọn ò fi ààrò yẹn sílẹ̀. Wọ́n á rán mi pé kí n lọ ra búrẹ́dì wá, àfi ti Àlájì. Bí mo bá gbé e dé, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á yẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n á bù ú, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀. Wọn kì í jẹ ẹ́. “Ìdí rẹ̀ dúdú jù.” “Tòní sàn díẹ̀.” Lọ́jọ́ kan, wọ́n wo ìdí búrẹ́dì títí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní Sálíù ti fi wáyà tuntun sí i, wọ́n sì jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Mo ní ẹ ò rí i, ó mọ̀ pé ẹ jàre! Wọ́n ní: “Wáyà ló rà. Kò ní kí n máa bọ̀.”

Mo bá wọn jà lórí ẹ̀bẹ̀ yìí kí wọ́n tó kú, lórí ibùsùn yẹn. Mo ní ẹni tí kò jẹ̀bi, kí ló ń bẹ̀ sí? Ẹ fi Àlájì sílẹ̀ o jàre! Wọ́n pa ojú dé, mo rò pé wọ́n ti sùn lọ. Wọ́n wá ní: “Mo da oúnjẹ aláàwẹ̀ nù, Àṣàkẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín.”

Àárọ̀ òní ni mo lọ. Mo bọ́ nínú kẹ̀kẹ́ kí n tó dé ibẹ̀, mi ò lè jókòó sínú rẹ̀, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, òórùn ààtàn Igando ń tẹ̀ lé mi. Àlájì wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé búrẹ́dì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n ti gbó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó, mo ní mi ò jókòó. Mo ní Bàbá àgbà ló fi iṣẹ́ rán mi.

Ọwọ́ wọn dúró lórí tẹ̀sùbáà. “Má tíì jẹ́ ẹ,” wọ́n ní. “Kọ́kọ́ wá.”

Wọ́n mú mi gba ẹ̀gbẹ́ ààrò kọjá lọ sẹ́yìn. Igi gígùn kan fẹ̀yìn ti ògiri, ó ga jù mí lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wà bí igi ṣe ń wà. Wọ́n yí i padà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti di èédú, ó jó wọnú débi pé ohun tó kù kò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo fi ìka tì í. Ìka mi wọlé, èédú dà sórí bàtà mi.

“Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu ni,” Àlájì ní. “Mo pe bíríkìlà pé kó wá dí ògiri tó sán. Ó ṣí pákó àwọn ọmọ, ohun tó rí lábẹ́ rẹ̀ nìyí. Iná ti wọ inú rẹ̀ kí Làmídì tó dé. Ó ń jó lábẹ́lẹ̀, ìgbà tí ààrò tutù ló tó kú. Ká ní a sun ìyẹ̀fun ọjọ́ yẹn tán, kí àwọn ọmọ wá lọ sùn…”

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Mo gbàgbé pé àgbà ni wọ́n. Mo ní: “Ẹ mọ̀! Láti ọdún yẹn, ẹ mọ̀! Ẹ gbọ́ tí wọ́n ń pè wọ́n ní onílara, ẹ dákẹ́! Bàbá àgbà ń yẹ ìdí búrẹ́dì yín wò, wọ́n ń bi mí bóyá pákó jìnnà, igi sì wà níbí! Wọ́n kú, wọn ò mọ̀!”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Àlájì ò ní kí wọ́n lọ.

“Mo ti pè é ní ọ̀tá lójú èèyàn,” wọ́n ní. “Ojú ń tì mí. Mo ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, màá lọ. Bí Jímọ̀ bá dé, màá tún ní èyí tó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ pé yóò lọ ṣáájú mi. Ọjọ́ tí ẹ sin ín, mo múra, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà.” Wọ́n wo ojú mi. “Èpè ni ó fi rán ọ, àbí? Jẹ́ ẹ. Mo ti ṣe tán.”

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mi ò fi tọmọ jẹ́ ẹ, mi ò fi tẹrú jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀ sínú èédú yẹn, mo so ọwọ́ mi pọ̀. Mo ní: “Bàbá àgbà ní kí n bẹ̀ yín. Wọ́n ní kí ẹ má bínú sí àwọn. Wọ́n ní oúnjẹ aláàwẹ̀ làwọn dà nù, pé ọ̀rẹ́ àwọn ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí ẹ fi orí ji àwọn.”

Àlájì di ara ògiri mú. “Dìde,” wọ́n ní. “Dìde jọ̀ọ́, ọmọ Ràṣídì, má ṣe mí báyìí.”

Mo ní ó di ìgbà tí ẹ bá fi orí jì wọ́n.

“Èmi? Kí èmi fi orí ji Làmídì?”

Mo ní ẹ̀yin ni wọ́n rán mi sí.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú mi, jalabíà funfun wọn nínú èédú. Omi ń ṣàn lójú wọn, wọn ò nù ún.

“Mo fi orí jì í.”

Mo ní mi ò gbọ́. Wọ́n tún un sọ.